Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Polówó Oògùn Jẹ̀díjẹ̀dí

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rèé lórí fóònù, ó ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí.

Ọdún kẹta rèé tó ti kú.

Ohùn rẹ̀ gan-an ni, àti ikọ́ kékeré tó máa ń wú kó tó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jókòó sórí ìrora mọ́."

Ó rí mi lára.

Ọmọ rẹ̀ tó ń ránṣọ wà lọ́dọ̀ lọ́yà báyìí. Ó gbé fóònù sórí tábìlì kí èmi tí mo wà lókèèrè lè gbọ́.

"Òfin tuntun ti dé," ni lọ́yà wí. "Ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ sín ohùn òkú jẹ, àfi tí ẹbí bá fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ẹnìkan nínú yín fọwọ́ sí i. Onítọ̀hún nìkan ló lè ní kí wọ́n pa ohùn náà rẹ́."

"Ẹbí tiwa? Bàbá mi," ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ké sí mi, "ṣé ẹ gbọ́? Ẹni tó bá jẹ gbì nínú wa, á kú gbì!"

"Ó rí mi lára, ọmọ mi."

Òótọ́ ni mo sọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, mi ò lè wálé sìnkú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ní òun á máa fi ohùn rẹ̀ kí mi láràárọ̀, tí mo bá kó gbogbo ohùn tó ti fi ránṣẹ́ sí mi fún òun.

Mo kó o fún un. Ó bèèrè bóyá ẹbí olóhùn náà ni mí. Mo tẹ "Mo gbà", mi ò ka ìyókù.

Láàárọ̀ yìí náà, ó kí mi.

Mo dá a lóhùn.