Àwọn Adìẹ Tí Kò Jẹ Oúnjẹ Ọjà

Nígbà tí àkùkọ Nùréènì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lọ́sàn-án gangan, àwọn ará ilé rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó fẹ́ fò lé ògiri tí ó já lulẹ̀ gbì, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Kò pẹ́ tí ó fi kan gbogbo agbo. Orí wọn ń sọ̀, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, òmíràn á sì sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ omi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹyin kò tilẹ̀ sí mọ́ rárá.

Wẹ́dà ni Nùréènì, ní Dópẹ́mù. Adìẹ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kì í ṣe fún títà. Nusrat ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe wòlíma, bàbá rẹ̀ sì ti ṣèlérí fún àwọn ààfáà pé adìẹ tí òun fọwọ́ ara òun sìn ni wọn yóò jẹ lọ́jọ́ náà. Ẹnìkan ló sọ fún un nígbà kan pé wọ́n máa ń lọ egungun ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ oúnjẹ adìẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà. Láti ìgbà náà, kò jẹ́ kí oúnjẹ ọjà wọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Bí ẹ bá bá a jiyàn títí di ọ̀la, ẹnu yín ni yóò kàn bó.

Èérí ọkà ló ń fún tirẹ̀. Stella, ará Oǹdó tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Kóredé, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ilé ẹ̀yìn ògiri, ló ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin náà a máa rẹ ọkà bàbà sómi, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ. Ọlọ́gì tó mọṣẹ́ ni lójú Nùréènì. Oníbàárà rẹ̀ kò lóǹkà, pàápàá nírọ̀lẹ́, wọn kì í sì í tètè lọ. Láràárọ̀ ni ó ń na korobá kọjá lórí ògiri, Nùréènì á gbà á, á ṣàdúrà fún un. Èérí náà kan díẹ̀. Èérí wo ni kì í kan?

"Bàbá Nusrat, ẹ jẹ́ ká ra fíìdì díẹ̀ fún wọn wò," ni Sùlíyá ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí wọ́n jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kí àwọn ààfáà wá jẹ wọ́n? Sùlíyá, má dá mi lágara."

Ó fún ewúro sínú omi wọn. Ó gún ata mọ́ aáyù. Adìẹ ń mu, adìẹ ń ṣubú. Nígbà tó sú u, ó pe Olútóyìn, dókítà ẹranko kan ní Akówọnjọ. Obìnrin náà gbé adìẹ kan sókè, ó la ojú rẹ̀, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò.

"Kí ni wọ́n ń jẹ, sà?"

"Èérí ọ̀gì. Ó mọ́ tónítóní. Oúnjẹ kọ́ ló ń ṣe wọ́n, dókítà."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ lùkúlùkú. Mo máa fún wọn lábẹ́rẹ́. Àmọ́ tó bá tún padà, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ wọ́n, ẹ ò sì gbọdọ̀ tà wọ́n. Ẹ sin wọ́n, sà, kó tó ran ti àwọn ẹlòmíràn."

Ọ̀rọ̀ náà ká Nùréènì lára. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ sí etí aládùúgbò. Ta ló fẹ́ kí ààfáà gbọ́ pé adìẹ wòlíma ń ṣàìsàn?

Lọ́sẹ̀ yẹn, Ìyá Kóredé lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Oǹdó. Sùlíyá ra àgbàdo fún àwọn adìẹ. Ṣé ẹ rí abẹ́rẹ́? Adìẹ dìde! Wọ́n ń ta ilẹ̀, wọ́n ń lé ara wọn kiri. Àkùkọ padà sí kíkọ ní ìdájí bí ọmọlúàbí. Nùréènì pe dókítà lórí fóònù, ó dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ti ń pín itan adìẹ lọ́kàn fún ààfáà kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Kóredé dé, korobá sì kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú Nùréènì dùn, ó da gbogbo rẹ̀ síwájú wọn.

Kí oòrùn tó kanrí, wọ́n ti tún wà nílẹ̀. Adìẹ kan ki orí bọ abọ́ omi, kò sì gbé e sókè mọ́. Nùréènì jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó gbé e lé itan, ó sunkún. Inú ń bí i sí àìsàn náà, ó ń bí i sí dókítà, ó ń bí i sí ara rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù di ọ̀la," ni Sùlíyá wí.

"Kí la tún ń dúró dè? Kí adìẹ gbogbo Agége kú tán? Ṣé o ò gbọ́ ohun tí dókítà sọ ni?"

Ó gbẹ́ kòtò. Ó pa wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó ń ṣe bísímílà sí wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní jẹ wọ́n. Wọn kò tilẹ̀ jà. Àkùkọ ló fi ṣe ìkẹyìn.

Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ wòlíma, adìẹ inú yìnyín tí wọ́n rà lọ́jà ni àwọn ààfáà jẹ. Nusrat kéwú, ohùn rẹ̀ já gaara, àwọn ènìyàn ń ké Allāhu Akbar. Bàbá rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Abẹ́ ìbòòji ló wà, tó ń ronú ohun tí òun yóò wí bí ẹnìkan bá béèrè adìẹ.

Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé wòlíma, Ìyá Kóredé yọjú lórí ògiri pẹ̀lú korobá rẹ̀, ó rí i pé kò sí adìẹ kankan nílẹ̀, Nùréènì sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ẹsẹ̀ tí kò gbé wọn dórí kòtò.

"Háà, Bàbá Nusrat, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni obìnrin náà wí, ó rọra gbé korobá náà lé orí ògiri, "àbí ẹ kì í sá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bùrùkùtù mi yìí sóòrùn kí ọtí inú rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó fún wọn jẹ ni?"