Omi Tí Ọ̀gá Télọ̀ Fi Fọ Bàtà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ìtàn yìí fìrí kí ẹ sì fi ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ kà á délẹ̀, nítorí ibi tó máa ṣe yín láǹfààní jù wà nísàlẹ̀.

1.
Ọ̀gá télọ̀ kan wà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè ní Mo-Mọ̀-Ọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé, irọ́ ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ ní nǹkan kan. Tí o bá ní, "Ọ̀gá, ẹ dín apá aṣọ yìí kù díẹ̀," á ní, "Mo mọ̀ ọ́n." Tí ìyàwó rẹ̀ bá ní òjò ti ṣú, á ní, "Mo mọ̀ ọ́n," òjò á sì pa á wálé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó kó ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sínú igbó tí wọ́n dá sí fún ìgbafẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọ náà, Màmá Kékeré ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Kò sí ohun tó fẹ́ràn bíi kó bọ́ bàtà, kó máa sáré lórí iyanrìn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn sọ́kàn.

2.
Àgbà obìnrin kan ló ń ṣọ́ igbó náà. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń wọlé láìkọ́kọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ gbọ́ ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà, á fún wọn ní àpò ìdọ̀tí kan àti kẹ́ẹ̀gì omi kan.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú ọ̀nà ni kí ẹ máa rìn. Igi gbígbẹ tó ti já bọ́ ni kí ẹ fi dáná, ẹ má gé tútù. Ohun tí ẹ bá gbé wọlé, ẹ gbé e jáde. Omi yìí, ti iná ni o. Tí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ dà á síná, ẹ fi igi pò ó, ẹ tún dà á. Kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Tí ọwọ́ yín ò bá gbà á, ẹ ò tíì ṣe tán."

"Mo mọ̀ ọ́n, ìyá." Ọ̀gá wa ti dìde ná.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó mọ̀ ọ́n náà ń gbọ́ ọ, ọmọ mi."

3.
Wọ́n gbádùn ọjọ́ náà, kí n má purọ́. Wọ́n dáná lórí iyanrìn lábẹ́ igi ńlá kan, wọ́n sun àgbàdo, wọ́n ka ẹyẹ títí wọn ò mọ iye mọ́, ìyàwó rẹ̀ sùn, ó tún hanrun. Nígbà tílẹ̀ ń ṣú lọ, ìyàwó kó gbogbo èèpo àti ọ̀rá sínú àpò. Ọ̀gá télọ̀ wá wo bàtà rẹ̀. Bàtà funfun ló wọ̀ wá, tuntun gan-an. Ta ní ń wọ bàtà funfun lọ sínú igbó? Ẹ bá mi bi í. Ó ti yà kúrò lójú ọ̀nà láàárọ̀, eruku sì ti bo bàtà. Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì, ó fi gbogbo omi iná fọ bàtà.

"Bàbá ọmọ mi, iná yẹn ńkọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ó fẹsẹ̀ wa iyanrìn bo ẹyin iná, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Lójú tirẹ̀, iná ti kú. Kò mọ̀ pé iyanrìn kàn dáṣọ bo ẹyin iná ni, ooru ẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀.

4.
Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Màmá Kékeré fi rántí fìlà rẹ̀ tó gbàgbé sábẹ́ igi. Ó ti bọ́ bàtà sọ́wọ́. Ó sáré padà. Igbe tí bàbá rẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń gbọ́ ọ títí dòní.

"Dádì, ilẹ̀ ń jó mi!"

"Omi! Omi dà?"

Ìyàwó rẹ̀ yí kẹ́ẹ̀gì dorí kodò. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo bàtà funfun tó ń dán. Ọ̀gbẹlẹ̀ sì ti mú odò tó wà nítòsí gbẹ.

Bàbá gbé ọmọ, ó sáré dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà ò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó gbé omi mímu tirẹ̀ jáde nílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sẹ́sẹ̀ ọmọ, díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi òróró pa á," ni bàbá wí.

"Má fi nǹkan kan pa á o! Omi ni."

Ogún ìṣẹ́jú ló fi ń dà á. Korobá mẹ́ta tán. Omi tó yẹ kó mu di ọjọ́ Mọ́ńdè ni. Ó wá gbé korobá kẹrin, èyí tó kù, fún ọ̀gá télọ̀. "Kí ìyàwó rẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Ìwọ padà lọ pa iná rẹ."

Ó padà. Ó dà á, ó pò ó, ó tún dà á. Ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án: ó ti tutù. Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún.

5.
Dókítà ní ọpẹ́lọpẹ́ omi tó tètè kan ẹsẹ̀ náà, à bá máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Oṣù méjì ni ọmọ fi tiro. Àpá ibẹ̀ ò lọ, kò sì ní lọ.

Ọ̀gá télọ̀ rán aṣọ méjì, ó ru kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́fà, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà. "Ìyá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Kí ni mo lè ṣe fún yín?"

"Jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí o gbọ́ ẹ̀kọ́ náà dópin."

Ó jókòó, ó gbọ́ ọ. Ní báyìí, ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, òun ló máa ń bá ìyá kọ́ àwọn èèyàn. Tó bá parí, Màmá Kékeré á bọ́ ìbọ̀sẹ̀, á gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè fún wọn, á ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ yín kan ibi tí ẹ dáná, kí ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíì má baà kàn án."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ lọ sínú igbó, ẹ lọ sétí odò, ẹ jẹ̀gbádùn ayé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ewu sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó lè jẹ́ ọmọ yín. Tí wọ́n bá sì ń kọ́ yín, ẹ má ní ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń ṣọ́ igbó fún wa, kí ẹ sì fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń múra ìgbafẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.