Kí Ẹjọ́ Má Gòkè

Bí eré bí eré ni ìjà náà bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn jórinjórin ní àdúgbò Ndokoti nílẹ̀ òkèèrè, lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ. Inú bí Abdussamad, ọmọ Rọ̀kíbátù. Ó gbé ọ̀pá irin, ó là á mọ́ Bàdámọ́sí lórí. Bàdámọ́sí dákú, ọlọ́pàá sì mú Abdussamad lọ.

Lọ́yà Brigitte, tó ń ṣojú Abdussamad, ò fọ̀rọ̀ pa mọ́ fún Rọ̀kíbátù. Bí Bàdámọ́sí bá yè é, kóòtù kékeré ni yóò gbọ́ ẹjọ́ náà, adájọ́ ibẹ̀ ò sì lágbára láti sọ èèyàn sẹ́wọ̀n kọjá ọdún mẹ́wàá. Bó bá kú, ẹjọ́ á gòkè, Abdussamad sì lè wà lẹ́wọ̀n títí irun rẹ̀ á fi funfun.

Ọjọ́ náà ni Rọ̀kíbátù ti ìsọ̀ tó ti ń ta ike ní Marché Central, ọjà ńlá ìlú náà. Láàárọ̀, á gbé oúnjẹ lọ sẹ́wọ̀n. Tó bá kúrò níbẹ̀, á gba ọsibítù lọ. Á fi aṣọ tútù nu ara Bàdámọ́sí, á gé èékánná rẹ̀, á sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má kú. Ẹ̀rù ń bà á gan-an.

Alfa Barakatullahi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìwó ni, ó wá ń ṣe lèmọ́mù fún àwọn Yorùbá ní Bassa, àdúgbò kan nílùú náà. Àánú obìnrin náà ṣe é. Ó ní nílé wa, ẹ̀bẹ̀ ní í ṣáájú kóòtù. Òun á kó àwọn àgbà jọ, wọn á lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ẹni tó fara pa.

“Ẹ má ṣe wàhálà, Alfa,” Rọ̀kíbátù wí. “Ó ti dárí jì í.”

“Ẹ ti rí ìyá náà?”

“Ojoojúmọ́ ni.”

“Kí ni wọ́n wá sọ?”

“Kò sọ nǹkan kan. Ẹkún ló ń sun.”

Alfa ní kí Ọlọ́run bá a nu omijé rẹ̀ nù.

Bàdámọ́sí kú ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Rọ̀kíbátù wó lulẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, àwọn nọ́ọ̀sì ló gbé e dìde.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, adájọ́ kóòtù kékeré ní ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára òun. Rọ̀kíbátù di ọwọ́ Abdussamad mú. Adájọ́ wá ní kí ìyá olóògbé bọ́ síwájú, bó bá ní nǹkan tó fẹ́ sọ.

Alfa, tó bá wọn wá sí kóòtù, bojú wẹ̀yìn kó lè mọ obìnrin tí òun ti fẹ́ lọ bẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Rọ̀kíbátù jọ̀wọ́ ọwọ́ Abdussamad, ó rìn lọ dúró níwájú adájọ́, ó ní àwọn méjèèjì lòun bí.