Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ìgbìmọ̀ Ilé Ọmọ Òrukàn

Àlọ́ mi gbéra, ó balẹ̀ sórí Ẹfọ̀n, alága ìgbìmọ̀ tí àwọn ẹranko yàn láti máa tọ́jú ilé àwọn ọmọ òrukàn.

Lọ́jọ́ ìpàdé, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀. Ẹfọ̀n ní, “Ilé náà le bí òkúta. Àbí irọ́ ni mo pa?”

Àgùntàn ní, “Òótọ́ ni, Bàbá.” Ìgalà náà ní òótọ́ ni.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bi wọ́n pé, “Ẹ má bínú o, ta ló débẹ̀ kẹ́yìn nínú wa?”

Ẹfọ̀n jágbe mọ́ ọn: “Aláfojúdi, jáde!”

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré lọ sí ilé náà. Òrùlé ti ń tẹ̀, àwọn ọmọ sì ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Ó figbe orin ta:

Ìgbìmọ̀, ẹ dìde o!
Ègbè: Ikán ti jẹ òpó!
Ọmọ ń bẹ lábẹ́ òrùlé!
Ègbè: Ikán ti jẹ òpó!

Orin náà ta sí Ẹfọ̀n létí níbi ìpàdé. Ó sáré dé, ó sì fi ẹ̀yìn gbé òrùlé ró títí Ọ̀kẹ́rẹ́ fi mú ọmọ tó kẹ́yìn jáde. Bó ti yọ ẹ̀yìn, ilé wó gbì.

Ẹfọ̀n ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Wá gba àga mi.”

“Ẹ jókòó sórí àga yín, Bàbá,” ni Ọ̀kẹ́rẹ́ dáhùn. “Ṣùgbọ́n tí a bá tún ilé yìí kọ́, inú rẹ̀ ni ká ti máa ṣèpàdé.”

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é títí dòní. Ibẹ̀ ni àlọ́ mi náà jókòó sí.