Máàpù Oko Kòkó

Kí ọ̀kadà tó dúró ni olùkọ́ yunifásítì kan ti bẹ́ sílẹ̀ ní abúlé Omifunfun.

"Bàbá, mo gbé! Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba ń bọ̀ wá gé kòkó yín, torí inú igbó ọba lẹ gbìn ín sí. Máàpù inú ìwé ìwádìí tí mo tẹ̀ jáde ni wọ́n mú dání!"

Bàbá Motún ò kúrò nídìí kòkó tó ń sá sóòrùn.

"Ọ̀gá, wọ́n ti wá lánàá. Igbó ni wọ́n bá."

"Igbó kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ mú mi yí oko ká?"

"Oko tá a ti pa tì ni mo mú yín yí ká. Ta ní í fi oko rẹ̀ han àlejò tó gbé ẹ̀rọ tí ń wọn ilẹ̀ lọ́wọ́?"

Fóònù olùkọ́ dún. Yunifásítì ló pè é, wọ́n ní ìwé rẹ̀ ló gbẹ̀bùn ọdún yìí, torí máàpù rẹ̀ péye jù lọ.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."