Eré Ọ́fíìsì

Láàárọ̀ Sátidé, Adéyóyin ń bá ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn eré orí tábìlì ṣètò àpéjọ ọdọọdún wọn ní gbọ̀ngàn ìlú Àkúrẹ́. Ìdí eré Ọ́fíìsì, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe bí òṣìṣẹ́ tó ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé, ni wọ́n fi í sí. Ẹni tó bá rí ìlà ibẹ̀ á rò pé oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó tò síbẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ rí láyé wọn.

"Àǹtí, báwo ni wọ́n ṣe ń lu òǹtẹ̀ gan-an?" ọmọbìnrin kan bi í.

"Kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó mú ìwé wá."

Ọdún mọ́kànlélógún ni Adéyóyin ti ń lù ú ní ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ níbi gbogbo; òun nìkan ni èèyàn tó kù níbẹ̀. Inú báàgì rẹ̀ gan-an ni òǹtẹ̀ ń sùn.

Fóònù rẹ̀ gbọ̀n. Ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó wá láti ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: kó má wulẹ̀ wá síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè mọ́.

Akínlàjà, alága ẹgbẹ́, sáré dé. "Àǹtí, òǹtẹ̀ eré yìí ti kán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní tiyín. Ẹ ó rí i gbà kí Mọ́ńdè tó dé."

Adéyóyin yọ ọ́ fún un. "Ẹ máa lò ó lọ."

Ó bọ́ káàdì olùrànlọ́wọ́ kúrò lọ́rùn, ó sì lọ tò sí ẹ̀yìn ìlà.