Irin Tó Kọ̀ Láti Dún

Ojú-Àwòdì ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń yẹ irin wò ní ilé-iṣẹ́ náà. Kò sí irin búréèkì tó máa dé ara ọkọ̀ akérò láìkọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Á gbé e kọ́, á fi òòlù kékeré lù ú. Èyí tó dáa á dún bí agogo. Èyí tó bá ti sán nínú, ohùn rẹ̀ á kú. Tó bá dáa, á fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Tí kò bá dáa, á kun ún ní ọ̀dà pupa, irin tí ọ̀dà pupa bá sì ti kàn, fífọ́ ni wọ́n máa fọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí irin. Fọ́máànù ni ní ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló pọ̀n ọ́n, òun ló tọ́ ọ dàgbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n já àpótí irin kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó lu ti àkọ́kọ́. Kò dún. Ó rò pé ìkọ́ ni kò dáa, ó pààrọ̀ rẹ̀. Kọ̀, ni irin náà tún ṣe. Ó mú òmíràn, ó tún mú òmíràn, bákan náà ni gbogbo wọn. Ó wo ara àpótí. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ló wà níbẹ̀.

Máníjà dé. “Kí ló dá wa dúró? Àwọn èèyàn mi ti káwọ́ gbera.”

“Wọ́n ti sán, sà.”

“Èmi ò rí ibi tó sán.”

“Kì í ṣe ojú là ń fi rí i, sà.” Ó lu ọ̀kan fún un.

Máníjà wolẹ̀. “Ṣé o mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ ló ti wá?”

“Mo mọ̀, sà.”

Máníjà gbé fóònù. Kò pẹ́ tí ẹni tó ni irin fi dé, ẹ̀rín lẹ́nu, fọ́máànù rẹ̀ lẹ́yìn.

“Ìyá wa,” ni ọkùnrin náà wí, “ẹ̀gbọ́n yín ló ní ká kó o wá síbí o. Ó ní tiwa-n-tiwa ni.”

Ojú-Àwòdì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lù ú, kí ẹ gbọ́ fúnra yín.”

“Mi ò wá gbọ́ ohùn irin. Fọwọ́ sí i.”

“Bẹ̀ ẹ́ dáadáa,” ni ọ̀gá rẹ̀ wí.

Ni àgbàlagbà bá ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú òróró ilẹ̀ fún ọmọ tó fẹ̀yìn pọ̀n. Àwọn òṣìṣẹ́ ké háà.

“Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde!”

“Tí o bá kọ̀, iṣẹ́ mi nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyàwó àtàwọn ọmọ?”

Máníjà na báírò sí i. Ojú-Àwòdì gbà á. Ó tẹ̀ ba ìwé náà, omi ojú ń já bọ́ sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló gbé báírò sílẹ̀, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà pupa, ó sì ń kun irin náà lọ níkọ̀ọ̀kan, kò gbójú sókè.

Ẹni tó ni irin kò rẹ́rìn-ín mọ́. “O ò níṣẹ́ lọ́dọ̀ mi mọ́,” ló wí fún ẹni tó wà nílẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó fi í síbẹ̀.

Nígbà tí Ojú-Àwòdì máa fi kun àpótí náà tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jáde. Ó sá tẹ̀ lé e, ó bá a lẹ́nu géètì níbi tó ti ń nu òróró láyà ẹ̀wù rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

“Ẹ forí jì mí. Mo ti ba ayé yín jẹ́.”

“Dìde jàre,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, “ilé-iṣẹ́ kan tí kì í lu irin wò ni ọ̀gá mi fẹ́ kó irin náà lọ, èmi ni mo tàn án pé kó gbé e wá sọ́dọ̀ ẹ, àmọ́ nígbà tí mo rí i pé o gba báírò yẹn, àyà mi já.”